Láísẹ́ǹsì Adó, Wọ́ọ̀dù Ìlú Ọba

 

Ọ̀rọ̀ jápa la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ ti nọ́ọ̀sì nìkan ni. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀, olùkọ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ìbéèrè tí àwọn ọmọ tí mo kọ́ àti àwọn òbí wọn sì ń bi mí jù lọ ni pé, “Mà, ta ni ká fún lówó kí ọmọ yìí lè di nọ́ọ̀sì nílùú Ọba?” Ìdáhùn mi kò gùn. Owó wà tí ẹ máa san lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ máa san án fún ní orúkọ, wọ́n ní ìkànnì, wọ́n sì ń já rìsíìtì. Wọn kò jókòó sínú yàrá kan ní Ajílósùn nílùú Adó-Èkìtì pẹ̀lú àsíá Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn wọn. Ọ̀nà yìí ṣeé rìn láìsí ejẹ́ńtì. Ibi tó sì ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe London. Níbí ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá wí. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wá lókè òkun ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Nursing and Midwifery Council of Nigeria, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1979 láti máa bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Ẹni tó jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nílùú Adó, tàbí tó gboyè nọ́ọ̀sì ní Ekiti State University (EKSU) tàbí ní Afe Babalola University, tó sì yege nínú ìdánwò àjọ náà, òun la ń bá sọ̀rọ̀. Ì báà jẹ́ dípúlómà ọdún mẹ́ta, ì báà jẹ́ dìgírì ọdún márùn-ún, ìlú Ọba kò ní tìtorí ìyẹn dá a padà.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kan wà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní kílíníìkì aládàáni, tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́, tí gbogbo àdúgbò sì ń pè ní nọ́ọ̀sì. Auxiliary la mọ̀ wọ́n sí. Ọwọ́ wọn lè yá ju ti ẹlòmíì lọ, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ àjọ kò mọ̀ wọ́n rí. Kò sí ìdánwò kankan lókè òkun tó lè sọ auxiliary di nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá sì ní òun lè bá yín ṣe é, owó yín ló fẹ́ jẹ. Ohun tó kù fún auxiliary ni kó lọ wá kírẹ́díìtì márùn-ún, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, kó wá wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bí gbogbo ayé ṣe ń wọ̀ ọ́. Àwọn CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, tó ń ṣe bẹbẹ láwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní abúlé wa náà ńkọ́? Ìwé tiwọn wà lọ́dọ̀ àjọ mìíràn, kò sì lè rọ́pò ti nọ́ọ̀sì.

Ó yá, ẹ ti di nọ́ọ̀sì. Ẹ kọ̀wé sí àjọ nọ́ọ̀sì ti ìlú Ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní NMC. Wọn kò ní tìtorí pé ẹ fi sàtífíkéètì hàn wọ́n gbà yín gbọ́. Àjọ tiwa ní Abuja ni wọ́n máa bi pé, ṣé lóòótọ́ lẹ mọ ẹni yìí? Àjọ tiwa fúnra rẹ̀ ni yóò sì dá wọn lóhùn, ìwé náà kò ní gba ọwọ́ yín kọjá. Verification ni gbogbo nọ́ọ̀sì ń pe ìyẹn, ibẹ̀ sì ni ìrìn-àjò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fẹsẹ̀ kọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ náà gbé ìlànà tuntun jáde, ó ní yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ verification gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n fún un ní láísẹ́ǹsì tó dúró. Láísẹ́ǹsì onígbà díẹ̀ kò wúlò fún un. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde gbẹ̀yìn yóò kọ lẹ́tà ìwà rere nípa rẹ̀, wọn yóò sì fi í ránṣẹ́ tààrà sí ọ̀gá àgbà àjọ náà. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kó tó kú. Ìwé náà fúnra rẹ̀ yóò sì gbà tó oṣù mẹ́fà kó tó jáde. Ẹ rántí ariwo tó sọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tú síta ní Abuja àti ní Èkó pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, wọ́n ní ṣé ẹrú ni àwọn ni.

Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó san owó ilé ní Baṣírì nílùú Adó tán, tí ẹ wá sọ fún pé kó dúró ọdún méjì sí i, ó di dandan kó bínú. Ó sì ń bí mi nínú náà pé ìwé ni ìjọba fi ń dá nọ́ọ̀sì dúró, tí kì í ṣe owó oṣù tó dáa. Àmọ́ nígbà tí ọdún méjì náà ti wà ńlẹ̀, ẹ jẹ́ ká má fi ṣòfò. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára láísẹ́ǹsì yín, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣe ìdánwò àṣejáde. Mo mọ ọmọ kan tó jáde tán, tó fi láísẹ́ǹsì rẹ̀ sílẹ̀ láìgbà nítorí pé iṣẹ́ kílíníìkì aládàáni tó ń ṣe kò béèrè rẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, kò sí èyí tí wọ́n kà fún un nínú rẹ̀.

Kí n sì tó kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ. WAEC ní Oluwatosin, láísẹ́ǹsì ní Tosin, ìwé ìgbéyàwó ti fi orúkọ ọkọ kún un, pásípọ́ọ̀tù sì gbé orúkọ bàbá síwájú. Lójú tiwa, gbogbo wa la mọ̀ pé èèyàn kan náà ni. Lójú ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní London, èèyàn mẹ́ta ni. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ìwé jọra dórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ó kan Gẹ̀ẹ́sì. Àwa Èkìtì tí wọ́n ní kò sí ilé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ó máa ń dùn wá pé kí ẹnikẹ́ni ní ká wá ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn wá, àmọ́ a máa ṣe é. NMC kò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn ìlú tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè àbínibí. Ìdánwò méjì ni wọ́n ń gbà. Tí ẹ bá mú IELTS Academic, 7 ni wọ́n ń béèrè nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ. Títí di apá ìparí ọdún 2018, 7 náà ni ti kíkọ, àìmọye nọ́ọ̀sì ló sì fi ààbọ̀ máàkì pàdánù. Tí ẹ bá mú OET, B ni nínú mẹ́ta yẹn, C+ nínú kíkọ.

Kíkọ yìí ló ń ká wa mọ́ jù, mo sì mọ ohun tó fà á. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé àròkọ tó dáa ni èyí tí gbólóhùn rẹ̀ gùn, tí òwe kún inú rẹ̀. IELTS kò fẹ́ ìyẹn. Àwòrán ìṣirò kan ni wọ́n máa gbé síwájú yín, kí ẹ fi àádọ́jọ ọ̀rọ̀ sọ ohun tí ẹ rí níbẹ̀ láìfi èrò yín kún un, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ àròkọ tó tó igba ó lé àádọ́ta ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. OET ní tirẹ̀ yóò fún nọ́ọ̀sì ní àkọsílẹ̀ nípa aláìsàn kan, yóò ní kó kọ lẹ́tà sí dókítà tàbí sí nọ́ọ̀sì mìíràn nípa rẹ̀. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ wa nìyẹn. Ó wọ́n ju IELTS lọ, àmọ́ tí owó bá wà, òun ni màá bá ọmọ mi mú.

Lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò iṣẹ́ gan-an, ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Ti àkọ́kọ́ ni CBT, èyí tí ẹ lè ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà níbí, láwọn ilé ìdánwò Pearson VUE. Ìbéèrè 15 ni ti ìṣirò, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìbéèrè 100 ni ti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wákàtí méjì ààbọ̀.

Ẹ má fojú kéré ìṣirò yẹn. Wọ́n lè ní kí ẹ fún aláìsàn ní lítà omi kan láàárín wákàtí mẹ́jọ, kí ẹ̀rọ díríìpù jẹ́ èyí tí ogún ẹ̀kán ń jẹ́ mílílítà kan. Ẹ̀kán mélòó ni kó máa kán ní ìṣẹ́jú kan? Lítà kan jẹ́ mílílítà 1,000. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ogún, ó di ẹ̀kán 20,000. Wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ẹ fi 480 pín 20,000, ẹ máa rí 41 àti díẹ̀, tí a máa kà sí 42. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fojú wọn díríìpù ní wọ́ọ̀dù, tí a ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí tí yóò fi “dà bíi pé ó dáa”. Ẹni tó bá ti ń ṣírò rẹ̀ níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn kò ní láagùn nínú ilé ìdánwò. Ìdí tí mo fi ní ọdún méjì yẹn kì í ṣe ọdún òfò nìyẹn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Ìbàdàn. Ní ọdún 2023, NMC kéde pé Pearson VUE ti ta àwọn lólobó lórí ilé ìdánwò kan níbẹ̀, Yunnik Technologies Test Centre. Ohun tó fà á ni pé èsì ìdánwò ibẹ̀ kò bá ti ibòmíràn mu. Àwọn kan ń parí ìdánwò náà láàárín àkókò kúkúrú tí kò bọ́gbọ́n mu, máàkì wọn sì ga. Wọ́n dá ìdánwò dúró níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀, nọ́ọ̀sì tó lé ní 500 tó ti ṣe CBT nílé yẹn ti wà nínú ìwé NMC, wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn nílùú Ọba. Àwọn mìíràn tó lé ní 1,000 ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń béèrè àyè.

NMC kò sọ pé gbogbo wọn ló lu jìbìtì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kò lè fọkàn tán èsì ẹnikẹ́ni láti ilé náà mọ́, kí oníkálukú lọ tún ìdánwò ṣe. Ẹ wá ro ti ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ kàwé, tó jókòó láàárín wọn, tó sì yege. Òun náà di afurasí. Àwọn kan dojú kọ ìgbìmọ̀ NMC lọ́dún 2024, ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ bọ̀. Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ní “ibi kan wà tí wọ́n ti máa ń ràn yín lọ́wọ́”, àwọn ẹgbẹ̀rún èèyàn wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí. Ìrànlọ́wọ́ ẹni mélòó kan ló kó bá gbogbo wọn.

Tí CBT bá ti bọ́ sí i, iṣẹ́ ló kàn. Ohun kan tí àwọn ejẹ́ńtì kì í sọ fún yín rèé. Ní ọdún 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, to orúkọ àwọn ìlú 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìjọba ìlú Ọba gbà pé ọsibítù tàbí ilé iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ wá sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ wá kó òṣìṣẹ́. Àmọ́ nọ́ọ̀sì tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé béèrè iṣẹ́, kò sí ẹni tó ní kó má kọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì nílùú Adó, tó ní ọsibítù kan ní Manchester ló rán òun wá mú nọ́ọ̀sì, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa bi í. Bákan náà, òfin ìlú Ọba kò gba ejẹ́ńtì láyè kó gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ torí pé ó bá a wáṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń san ìyẹn. Ìkànnì NHS Jobs ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta iṣẹ́ olùtọ́jú arúgbó fún yín ní orúkọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Láti oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọn kò ti gba ẹni tó bá fi iṣẹ́ yẹn wọlé láyè mọ́ láti mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ̀hún pa mọ́ àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀. Nọ́ọ̀sì kò sí nínú ìyẹn. Físà Health and Care Worker ṣì wà fún nọ́ọ̀sì, ó sì lè kó ìdílé rẹ̀ lọ. Àmọ́ mi ò ní tàn yín jẹ: láti ọdún 2024 ni àwọn ọsibítù ìlú Ọba ti dín gbígba nọ́ọ̀sì láti òkèèrè kù gidigidi. Ẹni tó rí iṣẹ́ láàárín oṣù kan lọ́dún 2022 lè wá a fún ọdún kan báyìí.

Kí ìlànà ìdánwò òde òní yìí tó dé, ojú àwọn àgbà ti rí nǹkan. Kofoworola Abeni Pratt wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale ní ọsibítù St Thomas’ ní London lọ́dún 1946, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó padà wálé, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátíróònù UCH Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbà adaptation, tí nọ́ọ̀sì tó ti kọ́ṣẹ́ níbí yóò lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ẹlòmíràn fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Ní 2014 ni wọ́n pa ìyẹn tì, tí wọ́n gbé ìdánwò CBT àti OSCE dé.

OSCE yìí ni apá kejì ìdánwò iṣẹ́ náà, ìlú Ọba gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Òfin ní kí ẹ ti gbìyànjú rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjìlá tó pé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí orúkọ yín sì wọ ìwé kí oṣù mẹ́jọ tó pé. Ìdúró mẹ́wàá ló ní. Mẹ́rin tẹ̀ lé ara wọn lórí aláìsàn kan: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣètò ìtọ́jú rẹ̀, ẹ ṣe ìtọ́jú náà, ẹ ròyìn bó ṣe rí fún ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Mẹ́rin jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́, bíi fífọ ojú egbò. Méjì tó kù, ẹ máa kọ ìdáhùn sílẹ̀ ni, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá oògùn pọ̀. Ẹnì kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, òṣèré ni. Ẹni tó ń fún yín ní máàkì dúró sí kọ̀rọ̀ kan. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ kí aláìsàn, ẹ dárúkọ ara yín, ẹ bi í ní orúkọ tó fẹ́ kí ẹ máa pe òun. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún lè ní kí ẹ máa pe òun ní John. Ẹ pè é ní John. Mo mọ̀ pé ẹnu ọmọ Èkìtì kò gbà á, pé “Bàbá” ló ń bọ̀ lẹ́nu yín, ṣùgbọ́n ohun tó béèrè nìyẹn, ọ̀wọ̀ tó sì fẹ́ nìyẹn. Ẹ ní kó sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹ wo ìwé tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ wo ìwé oògùn, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara mu. Ẹ béèrè oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Ẹ wo orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ní kó gbà á, àkókò rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dúró tì í títí yóò fi gbé e mì, kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Gbogbo èyí, ẹ máa sọ ọ́ síta bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ará wa láti máa dá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ṣe é tán wẹ́rẹ́, wọ́n á sì dákẹ́. Ohun tí ẹ fi sínú, wọn kò ní fún yín ní máàkì lórí rẹ̀.

Yàrá mìíràn lè jẹ́ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Ọgbọ̀n ìgbà lẹ máa tẹ àyà, kí ẹ tó fún un ní èémí méjì. Kí títẹ̀ náà yá tó 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí àyà sì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà. Ohun mìíràn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ nílé ìwòsàn ibẹ̀ ni ìwé NEWS2: ẹ ó kọ bó ṣe ń mí, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí, bóyá ó mọ ibi tó wà. Ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì. Tí àpapọ̀ wọn bá pé 5, ẹ pe dókítà kíákíá. Tó bá pé 7, pàjáwìrì ni. Níbí, a máa ń dúró kí dókítà dé kó wá wo aláìsàn. Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa bi léèrè ìdí tí kò fi tètè pè é.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Iye tí NMC ti ń gbà láti bí ọdún mélòó kan rèé: pọ́n-ùn 140 fún yíyẹ ìwé wò, 83 fún CBT, 794 fún OSCE, 153 láti fi orúkọ wọ ìwé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,170. Ẹ yẹ ìkànnì wọn wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀, torí owó a máa yí. Ọ̀pọ̀ ọsibítù NHS ló ń bá nọ́ọ̀sì san ti OSCE, àwọn kan tún ń san owó ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé àdéhùn dójú àmì. Ó máa ń wà níbẹ̀ pé bí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó pé, ẹ máa dá owó náà padà. Kò burú, bí iye rẹ̀ bá wà ní kíkọ, tó sì ń dín kù bí oṣù ṣe ń lọ. Ìwé tí kò bá kọ iye owó náà síbẹ̀, ẹ má ṣe buwọ́ lù ú.

Amẹ́ríkà kò ní OSCE. NCLEX ni tiwọn, ìdánwò kọ̀ǹpútà kan tó ń wo bí ẹ ṣe dáhùn kó tó mọ ìbéèrè tó kàn: bí ẹ bá gbà á, ó le sí i, bí ẹ bá kùnà, ó rọ̀ díẹ̀. Ìbéèrè lè dúró ní 85, ó sì lè dé 150, wákàtí márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba ìwé VisaScreen kí ẹ tó lè fi iṣẹ́ náà wọlé. Ẹ̀bùn ibẹ̀ títí di ìparí ọdún 2025 ni pé káàdì ìgbélùú ni nọ́ọ̀sì máa ń fi wọlé. Ìyà ibẹ̀ ni títò sórí ìlà tó lè gba ọdún púpọ̀. Canada ní àjọ tiwọn tó ń yẹ ìwé wò, NNAS. Saudi Arabia ń lo ìdánwò Prometric, ọ̀pọ̀ ará ibí ló sì ń kọ́kọ́ gba ibẹ̀ lọ kó owó jọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbọ́ mi tí inú wọn kò dùn, pé ńṣe ni mò ń kọ́ nọ́ọ̀sì wa bí wọ́n ṣe máa fi wá sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2024, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó lé ní 10,000 tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà ló wà nínú ìwé NMC. Àyè wọn ṣófo níbí, ẹni tó bá gbé aláìsàn lọ sí wọ́ọ̀dù lóru mọ̀ ọ́n. Ní òpin oṣù keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè lórí owó àjẹmọ́nú iṣẹ́ òru, owó aṣọ àti àìtó òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí nọ́ọ̀sì dúró, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Fífi ìmọ̀ pamọ́ fún wọn kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró. Ejẹ́ńtì nìkan ni yóò jèrè rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan, ẹni tó bá ti lọ ni mò ń bá wí. Tí NMC bá ti fún yín ní nọ́ńbà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ẹ ó máa fi hàn pé ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́: wákàtí 450 lẹ́nu iṣẹ́, wákàtí 35 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ìyẹn dáadáa, wọ́n á sì jẹ́ kí láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kọjá láti Birmingham sí Ọsirélíà tàbí sí Canada, Abuja ni àjọ ibẹ̀ tún máa kọ̀wé sí, torí níbí ni ẹ ti kọ́ṣẹ́. Nígbà yẹn ni wọ́n máa ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Adó pé kó bá wọn sáré lọ. Àjọ ní ìkànnì tí ẹ ti lè sọ ọ́ dọ̀tun láti ibikíbi tí ẹ bá wà. Ẹ san án kó tó kú.